Ọjọ́ Tí A Ń Wọn Ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu wa ní ọjọ́ ìkómọjáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àlejò bá tú ká, tí a sì ti kó àga àti ìkòkò lọ, igba ènìyàn a wábi gbà, a ó sì ku ìyá àti ọmọ nínú yàrá. Nígbà náà ni ìbéèrè ń pọ̀: ṣé ọmú yìí ń yó ọmọ mi báyìí? Kí ni ó dé tí kò tí ì jókòó? Kí ni ó dé tí ara rẹ̀ gbóná lóru? Nínú oṣù yìí, mo fẹ́ mú yín rin ìrìn àjò lọ sí ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí mo ti fi ojú ara mi rí igba ènìyàn náà, tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní ọdún 1983, yàrá méjì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Ìbàdàn. Àkọ́bí wa pé oṣù mẹ́jọ, eyín sì ń bọ̀ ní ẹnu rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ni ó ní eyín ni, àti pé kí n má ṣe fún un ní omi mọ́, nítorí bí omi bá ti ń wọlé ni ìgbẹ́ yóò máa jáde. Mo gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ojú ọmọ ti jìn, àwùjẹ̀ rẹ̀ ti wọnú, ó ń sunkún ṣùgbọ́n omi kò jáde lójú rẹ̀.

Obìnrin kan tí ń ta ẹ̀kọ ní ojúlé kejì sí tiwa ni ó gbọ́ ẹkún náà. Ó wọlé, ó wo ọmọ, kò sì bá mi wí rárá. Omi tí a ti sè ni ó béèrè, àti ṣúgà àti iyọ̀. Ó pò ó pọ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́, a sì ń fi ṣíbí bu omi náà sí ọmọ lẹ́nu ní díẹ̀díẹ̀. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó bá mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ náà yè. Ó ti di baba ọlọ́mọ lónìí.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo bi í pé níbo ni ó ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni òun, ọdún 1958 ni wọ́n bí òun, káàdì ni wọ́n sì fi wo òun dàgbà. Ó ní, “Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ káàdì mi í kà.” Obìnrin náà ti lọ bá àwọn àgbà. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ikú rẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́ lọ́kàn pé n óò dé ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ohun tí ó sọ ọjọ́ kan náà di òní ni ìpè tí ọmọbìnrin mi pè mí ní òru. Ọmọ rẹ̀ pé oṣù 13, kò sì tí ì rìn. Ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀, tí oṣù kan náà bí wọn, ti ń sáré káàkiri ilé. Wọ́n ti ń fi ọmọ méjèèjì wé ara wọn lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ sín gbẹ́rẹ́ sí ọmọ lórúnkún. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé kò sí ohun tí ó ń ṣe ọmọ mi?” Mo ní kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó pọn ọmọ, kí ó máa bọ̀. A ó jọ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé.

A wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn, a gba Ilé-Ifẹ̀ kọjá, a sì sùn ní Iléṣà. Kí ẹnikẹ́ni tó lè mọ ìtàn ibi tí à ń lọ, Iléṣà ni yóò ti kọ́kọ́ dúró, nítorí ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn Wesley Guild wà. Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó dá a sílẹ̀, ó sì jẹ́ apá kan ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nísinsìnyí. Ní ọdún 1956 ni dókítà àwọn ọmọdé kan dé ibẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. David Morley ni orúkọ rẹ̀. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí à ń gbé wá sí ilé ìwòsàn ni ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún kí wọ́n tó dé. Èéyi ń pa wọ́n, ìgbẹ́ gbuuru ń pa wọ́n, àìjẹunre-kánú sì ni ó ń sọ wọ́n di aláìlágbára ṣáájú kí àìsàn tó dé. Ó wòye pé bí dókítà bá jókòó sí Iléṣà tí ó ń dúró de aláìsàn, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní tán láéláé. Nítorí náà ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi gbé ìtọ́jú lọ bá àwọn ìyá ní abúlé, wọ́n sì fi Ìmẹ̀sí-Ilé ṣe ibùdó.

Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti Èsà-Òkè ni a gbà. Bí ẹ bá fẹ́ràn òkè, ẹ óò gbádùn ọ̀nà yìí. Igi kòkó àti igi obì ń ṣíji bo ọ̀nà, òkè sì ń dìde lọ́tùn-ún àti lósì, títí ẹ óò fi rí ìlú náà láàrin wọn. Ìlú onítàn ni. Nígbà ogun Kìrìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, apá ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ tẹ̀dó sí lábẹ́ Ògèdèǹgbé, tí àwọn ará Ìbàdàn sì tẹ̀dó sí ìhà Ìgbájọ lódì kejì. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Ọmọ Ìbàdàn ni èmi tí mò ń kọ èyí. Bí ọkọ̀ wa ti ń gun òkè, mo ń rò ó pé àwọn baba ńlá wa yìnbọn mọ́ ara wọn ní àgbègbè yìí, síbẹ̀ ọmọ ìlú náà ni ó wá jókòó tì mí di òwúrọ̀ nítorí ọmọ mi.

Ọjọ́ tí a dé jẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìwọn ọmọ ní ilé ìlera. Kí agogo mẹ́jọ tó lù, bẹ́ǹṣì ti kún. Àwọn ìyá gbé ọmọ sẹ́yìn, àwọn mìíràn gbé e lé itan, àwọn ọmọ tí ń rìn tàgétàgé sì ń wọ́ bàtà onílé kiri. Òṣùwọ̀n kan rọ̀ sórí igi àjà, ṣòkòtò aṣọ kékeré kan sì so mọ́ ọn. Inú ṣòkòtò náà ni à ń ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ̀. Bí ọmọ bá bú sẹ́kún nínú rẹ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì ni yóò kí i pẹ̀lẹ́. Bí ìyá kan bá pẹ́ kí ó tó dé, nọ́ọ̀sì a béèrè ibi tí ó wà, a sì rán ẹnì kan lọ wò ó nílé. Mo ní lọ́kàn mi pé, áà, Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló! Gbèsè aṣọ kọ́ ni wọ́n ń sìn báyìí. Gbèsè abẹ́rẹ́ ni.

Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí ó gbé ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá. Ó ti súnmọ́ ẹni 90 ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo sọ ìdí ìrìn àjò mi fún un, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé òṣùwọ̀n dé, ẹ̀rù ba àwọn. Ó ní, “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ǹjẹ́ a ó wá wọn ọmọ? Kòkó ni a mọ̀ tí à ń gbé sórí òṣùwọ̀n.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Méjì ni mo bí kí káàdì tó dé. N kò rí wọn tọ́.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé káàdì náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní irú rẹ̀ nílé tí kò kà á sí. Oṣù ọjọ́ orí ọmọ ni a tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà méjì ni ó gòkè láàrin bí ọ̀nà tí ń gun òkè. Nígbàkúùgbà tí a bá wọn ọmọ, a ó fi àmì tóótó kan sí i, a ó sì fa ìlà láti àmì ti oṣù tí ó kọjá wá sí ti oṣù yìí. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè bí ti àwọn méjèèjì, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá tẹ́jú, tàbí tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà Ìlera ni Morley pe káàdì yìí. Àyè kan wà lórí rẹ̀ tí a ń kọ ìdí tí ọmọ kan fi nílò àmójútó ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: bí ó bá jẹ́ ìbejì, bí ó bá jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ti kú, tàbí bí àwọn tí a bí ṣáájú rẹ̀ kò bá dúró. Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ni wọ́n kọ́ láti máa ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Ohun tí ó sì ya àwọn dókítà ìgbà náà lẹ́nu jù ni pé ọwọ́ ìyá ni a fi káàdì sí, nínú àpò ọ̀rá, kì í ṣe àpótí ilé ìwòsàn. Àwọn ìyá kò sọ ọ́ nù. Morley padà sílé ní ọdún 1961, ó sì kú ní ọdún 2009. Ṣùgbọ́n irú káàdì yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé.

Ó wá kan ọmọ tiwa. Kí ọmọbìnrin mi tó la ẹnu, àwọn ìyá tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì ti mọ ohun tí ó gbé e wá. Ìyá ìbejì kan ní Táíwò òun rìn ní oṣù 11, Kẹ́hìndé sì jókòó tẹ̀tẹ̀ títí di oṣù 16. Ọbẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Òmíràn ní ti òun kò rákòrò rí; ìdí ni ó fi ń wọ́ kiri títí ọjọ́ tí ó fi dìde. Nọ́ọ̀sì gba káàdì, ó wo ìlà rẹ̀, ó sì wo ọmọ bí ó ti ń di ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mú tí ó ń dìde. Ó ní kò sí nǹkan kan. Òótọ́ ni ó sọ. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2006, tí wọ́n ṣe láàrin àwọn ọmọ ní Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Òmánì àti Amẹ́ríkà, fi hàn pé ọmọ tí ara rẹ̀ dá lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn láti nǹkan bí oṣù 8 títí di oṣù 17 ó lé díẹ̀. Nǹkan bí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni kò tilẹ̀ fi ọwọ́ àti orúnkún rákòrò rí. Ìka kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pé oṣù 18 tí kò rìn, tàbí tí ó bá gbàgbé ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ bá rọ ju èkejì lọ, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Gbẹ́rẹ́ kò wúlò fún un, abẹ tí kò mọ́ sì lè kó àrùn ràn án.

Ọmọbìnrin mi mí kanlẹ̀. Mo rò pé ohun tí a bá wá ti parí.

Ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì ni ìyá kan jókòó sí tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ pé oṣù 14. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kí, kò sunkún rárá. Èmi fúnra mi ti yìn ín. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé, “Wo ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu.” Nígbà tí nọ́ọ̀sì gba káàdì rẹ̀, ó dákẹ́. Àmì ti oṣù yìí kò ga ju èyí tí ó wà níbẹ̀ kẹ́yìn lọ, oṣù méjì sì ṣófo láàrin wọn. Nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọmọ náà ní méjèèjì. Nígbà tí ó gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ jìn kòtò, kò sì tètè kún. Omi ni ó wà nínú ẹsẹ̀ tí mo yìn. Àìsàn tí à ń pè ní kwashiorkor ni. Èdè Gáà ti ilẹ̀ Gánà ni orúkọ náà ti wá. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ni ó kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn ní ọdún 1935. Ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn rí. Ìyá náà lóyún. Wọ́n ní ọmú aboyún kò dára, ó sì já ọmọ náà. Ògì ṣíṣàn nìkan ni ó ń fún un, nítorí ọkọ rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn, owó kò sì sí. Nọ́ọ̀sì bi í pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé kí ni ó dé tí kò wá fún oṣù méjì. Ó wolẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wá kẹ́yìn, ẹnì kan wí lórí bẹ́ǹṣì pé ọmọ òun dà bí ọmọ tí kò ní ìyá. Ojú ti òun ni.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a sinmi díẹ̀ níbí. Kò sí ẹni tí ó bú obìnrin yìí ní ìta gbangba. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan ni, irú èyí tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ni ó dí ọ̀nà ilé ìlera mọ́ ọn, tí omi fi wọ ẹsẹ̀ ọmọ. Bẹ́ǹṣì kan náà tí ó fi ọmọ tèmi lọ́kàn balẹ̀ ni ó lé ìyá yìí sá.

Àwọn obìnrin náà mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú wọn. Nọ́ọ̀sì kọ ìwé pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú báyìí kì í ṣe ẹni tí a ń tọ́jú nílé. Owó ọkọ̀ kò sí. Ìyá ìbejì ni ó kọ́kọ́ tú ìdí aṣọ rẹ̀. Ó fi owó lélẹ̀ láìsọ̀rọ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Òmíràn ní kí ìyá náà má dààmú nípa ọmọ rẹ̀ tí ó dàgbà, pé ọ̀dọ̀ òun ni yóò sùn. Ìyá àgbà ẹni 90 ọdún gbé ọmọ náà lé itan, ó sì ń fọwọ́ pa á lórí. Ọkọ̀ tí ó gbé wa wá ni a jọ wọ̀ padà sí Iléṣà. Ọmọbìnrin mi ni ó gbé àpò ìyá náà. Nígbà tí wọ́n gba ọmọ wọlé, òun ni ó bá a jókòó, tí ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó kúrò níbẹ̀.

Kí ni mo bá bọ̀ láti Ìmẹ̀sí-Ilé fún ẹ̀yin òǹkàwé mi? Èkíní, ẹ má ṣe wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ nìkan. Ẹ wo káàdì rẹ̀. Ọmú nìkan ni fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fún un ní ọmú lọ títí yóò fi pé ọdún méjì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ògì dá wọ ikùn rẹ̀: ẹ fi ẹ̀wà tí a lọ̀, ẹyin, ẹja gbígbẹ tí a gún, ẹ̀pà tàbí epo pupa díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá lóyún, kì í ṣe dandan pé kí ẹ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹ bi nọ́ọ̀sì.

Èkejì, abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́ tí a bí ọmọ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó tún kan ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Oṣù 9 ni ti èéyi àti ti ibà pọ́njú, èéyi sì tún padà ní oṣù 15. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ń gbàgbé èyí tí ó kẹ́yìn yìí.

Ẹ̀kẹta, eyín. Ní àkókò tí eyín ń bọ̀ ni ọmọ ń ki ohun gbogbo bọ ẹnu, ìdọ̀tí ni ó sì ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ má ṣe dá omi dúró. Ẹ fún un ní omi ORS bí wọ́n ti kọ ọ́ sára àpò rẹ̀, pẹ̀lú oògùn zinc tí wọ́n bá fún yín ní ilé ìlera, kí ẹ sì máa fún un lọ́mú. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn eyín tí à ń rà káàkiri. Ní ọdún 2008, omi oògùn eyín kan tí èròjà olóró diethylene glycol bọ́ sínú rẹ̀ pa àwọn ọmọ tí ó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Àwọn ìyá wọn ra á nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ara tu ọmọ wọn.

Ẹ̀kẹrin ni ahọ́n wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá rí ọmọ tí ara rẹ̀ kò le, ẹ lọ bá ìyá rẹ̀ nílé, ní kọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú ohun kan lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rí Ìmẹ̀sí-Ilé fúnra yín, ọkọ̀ ń lọ láti Iléṣà, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ó dára jù láti gun àwọn òkè rẹ̀. Ẹ kí wọn fún mi.

Ìyá inú ọkọ̀ náà pe ọmọbìnrin mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹsẹ̀ ọmọ ti fọn, ó sì ti ń sunkún bí oúnjẹ bá pẹ́. Dókítà ní ẹkún náà dára. Wọ́n ti padà sílé. Ní ti ọmọ-ọmọ tèmi, títí di ìgbà tí mo ń kọ ìwé yìí, ògiri ni ó ń dì mú rìn. Ìyá rẹ̀ ṣì ń pè mí lóru nígbà mìíràn. Lálẹ́ àná ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo mọ ibi tí a ti lè ra ẹja gbígbẹ ní iye tí kò wọ́n, kí ó lè fi ránṣẹ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé.